Àdúrà Méjì, Ìgbálẹ̀ Kan

Ìró ìgbálẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún ará àdúgbò pé ilé-ẹ̀kọ́ ti ṣí. Ní Kuje, ìyẹn Kuje ti Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin ní Èkó o, kì í ṣe ti Àbújá tí gbogbo ayé mọ̀ nítorí ọgbà ẹ̀wọ̀n, àwọn ọmọ tó bá tètè dé ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ló ń gbálẹ̀. Wọn a gbá ewé, wọn a ṣa ọ̀rá piọ́ wọ́tà, wọn a fi ẹsẹ̀ ti iyanrìn dí ibi tí omi òjò àná dúró sí. Ẹni tó bá pẹ́ dé ti mọ iṣẹ́ tó ń dúró dè é. Nígbà tó bá yá, agogo a dún, àwọn ọmọ a tò sórí ìlà, kíláàsì kíláàsì. Ọmọ kan a jáde síwájú, a dijú, a gbàdúrà ní orúkọ Jésù. Gbogbo ìlà a ní, "Àmín!" Òmíràn a tún jáde, a tẹ́wọ́, a ka Fátíhà. Gbogbo ìlà a tún ní, "Àmín!"

Ká mú ọmọ ọdún mẹ́fà kan lórí ìlà yẹn. Mọ́ṣáláṣí ni bàbá rẹ̀ ń lọ. Nígbà tó ṣe Àmín sí àdúrà àkọ́kọ́, kí ló ṣe gan-an? Ṣé irọ́ ló pa ni? Ṣé ó kàn bọ̀wọ̀ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni? Àbí ó gba ohun tí bàbá rẹ̀ kò gbà gbọ́, kí ó tó tún padà sí tilé ní ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà? Àwọn àgbàlagbà tó ń kọjá lẹ́yìn ọgbà kò ráyè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, dánfó Mile 2 ni wọ́n ń sá tẹ̀lé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọn kò ráyè fún yìí ti jókòó níwájú àwọn adájọ́ tó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè tó ju ẹyọ kan lọ.

Ní ọdún 1962, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ kan tí àwọn òbí pè ní ìpínlẹ̀ New York. Àdúrà kúkúrú kan ni àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kọ fún àwọn ọmọ láti máa gbà láràárọ̀. Kò dárúkọ Jésù, kò dárúkọ Mùsá. Ilé-ẹjọ́ ní síbẹ̀síbẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba láti máa kọ àdúrà fún ọmọ ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ Faransé ní tiwọn lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀: òfin tí wọ́n ṣe ní 2004 ní kí ọmọ tó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba bọ́ hìjáàbù, fìlà Júù àti àgbélébùú ńlá sílé. Ìlànà tiwọn ni pé kí gbogbo ẹ̀sìn dúró lẹ́nu géètì.

Òfin Nàìjíríà gba ọ̀nà mìíràn. Abala kẹwàá nínú ìwé òfin 1999 ní ìjọba kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kankan di ti ìlú. Abala 38 fi kún un pé a kò gbọdọ̀ fi dandan mú akẹ́kọ̀ọ́ wọ inú ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ìsìn tí òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Kò sí ibi tí òfin ti sọ pé kí ọmọ méjì máa jáde láràárọ̀, ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan fún mọ́ṣáláṣí. Àṣà ni. Àwọn tíṣà ló fi ọgbọ́n orí ara wọn gbé e kalẹ̀ kí ilé má baà dàrú, ó sì ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ òbí rò pé ìjọba ní Ìkẹjà ló fi ránṣẹ́.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan nínú òfin yẹn: òbí ni yóò fọwọ́ sí i. Ìyẹn ni pé lójú òfin, ìgbàgbọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà dà bí yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, òbí ló rà á, òbí ló sì ń wọ̀ ọ́ fún un. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ti fa ọ̀rọ̀ yìí ya. Ifeanyi Menkiti, ọmọ Nàìjíríà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Wellesley ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1984 pé a kì í bí ènìyàn ní ènìyàn pátápátá. Àwùjọ ló ń sọ ọmọ di ènìyàn díẹ̀díẹ̀. Kwame Gyekye ti Ghana kò gbà fún un. Ó ní ọmọ ti jẹ́ ènìyàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ó ní làákàyè àti ẹ̀tọ́ tirẹ̀, ohun tí àwùjọ ń ṣe ni pé kí ó tọ́ ọ sọ́nà. Àwọn Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, gba méjèèjì. Ìyá tó bí ìkókó lánàá yóò ní ènìyàn lòun bí. Ìyá kan náà, tí ọmọ bá ríṣẹ́ ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, yóò ké sí aládùúgbò pé, "Ẹ bá mi dúpẹ́, ọmọ mi ti dèèyàn!"

Láàárín ìgbà tí wọ́n bí ọmọ ní ènìyàn àti ìgbà tó dèèyàn ni ilé-ẹ̀kọ́ wà. Ta ló wá ni ìgbàgbọ́ rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn?

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó ń bèèrè, ìjọ ló ni ín. Títì márosẹ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ Festac nítòsí Kuje kọjá yìí ló lọ sí Àgbádárìgì, níbi tí Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, ti gúnlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, De Graft àti ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n wá láti Gold Coast, ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ìwé kíkà níbẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ilé-ẹ̀kọ́ náà kò fi nǹkan kan bò: Nursery of the Infant Church. Ẹní kọ́ A, B, D, ìjọ ló ń wọ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ bàbá Mùsùlùmí ní Èkó rí i kedere, wọ́n fi ọmọ wọn sílé. Àwọn tó rán ọmọ lọ rí i tí Mùsá di Moses. Ìdí rèé tí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí fi dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, kí ọmọ lè kàwé láìpààrọ̀ ẹ̀sìn. Ẹgbẹ́ náà wá kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá.

Fún ìgbà pípẹ́, àdúrà kọ̀ọ̀kan ní ọgbà tirẹ̀. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, iye ọmọ tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 lọ sí ohun tó lé ní 800,000 lọ́dún kan ṣoṣo. Irú èrò bẹ́ẹ̀ kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Nígbà tí Lateef Jákáńdè di gómìnà Èkó ní 1979, àwọn ọmọ ṣì ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ìpín ìpín, àwọn kan láàárọ̀, àwọn kan lọ́sàn-án. Jákáńdè kọ́ kíláàsì lọ́pọ̀ yanturu, ó fòpin sí i. Àwọn alátakò ní àwọn kíláàsì náà dà bí ilé adìyẹ. Bóyá wọ́n dà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan lè dúró pọ̀ lórí pápá kan láàárọ̀, ibi tí wọ́n sì ti dúró pọ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ àdúrà méjì ti di kò-ṣeé-má-nìí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí a bá bi nípa Àmín ọmọ yẹn yóò sáré fa òwe yọ: ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwe náà dára, àmọ́ kò dáhùn ìbéèrè. Ẹ̀sìn méjì tí à ń sọ yìí, kò sí èyí tó gbà pé ọ̀nà pọ̀. Páítọ̀ tó ń wàásù ní ilé ìjọsìn orí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Festac kò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún ìjọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni lèmọ́mù kò ní sọ ọ́ nínú kútùbà ọjọ́ Jímọ̀. Àwọn àlùfáà kan wà nínú méjèèjì tí wọ́n ń kìlọ̀ fún òbí pé kí ọmọ pa ẹnu mọ́ nígbà tí àdúrà kejì bá ń lọ. A lè máa pè wọ́n ní aláṣejù, ṣùgbọ́n wọ́n mú ọ̀rọ̀ ní pàtàkì ju àwa tí a ń fi òwe bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ lọ. Lójú tiwọn, "Àmín" jẹ́ ìbúwọ́lùwé. Ẹnì kan kì í buwọ́ lu ìwé tí kò gbà.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu ọmọ tó gbàdúrà ní orúkọ Jésù. "Àdúrà" fúnra rẹ̀, láti inú èdè Lárúbáwá ló ti wá. Ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni Yorùbá ti gbà á kí Bíbélì tó dé. "Wàásù" bá a wá. "Àlàáfíà" bá a wá. Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, tí wọ́n ń wá orúkọ tí wọn yóò pe Áárónì àti àwọn tó ń rúbọ nínú Tẹ́ńpìlì, "àlùfáà" ni wọ́n mú, orúkọ tí ará ìlú ń pe àwọn olùkọ́ Mùsùlùmí. Kódà "Àmín" tó parí àdúrà náà, bí Mùsùlùmí ṣe ń pè é ni Kírísítẹ́nì Yorùbá ń pè é títí dòní. Bí ọmọ ọdún mẹ́fà wa bá tilẹ̀ fẹ́ pa ẹnu mọ́, ọ̀rọ̀ baba rẹ̀ ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń gbàdúrà.

Kí a wá gbọ́ tirẹ̀ náà. Tó bá délé, tí ìyá rẹ̀ ṣàdúrà fún un lẹ́yìn ìrun, "Ọlọ́run" ni ìyá náà yóò pè. Orúkọ yẹn kò ti Mẹ́kà wá, kò sì ti Jerúsálẹ́mù wá. Àwọn baba ńlá tó bọ Ifá tó sì rúbọ sí Ògún ló fi sílẹ̀ fún wa, àwọn náà ló fi "Olódùmarè" sílẹ̀. A ó padà sórí èyí.

Ẹ̀rí wà pé àjọṣe yìí kì í fìgbà gbogbo dùn bí oyin. Ní 2013, ọ̀rọ̀ hìjáàbù dá wàhálà sílẹ̀ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Èkó. Àwọn ọmọbìnrin méjì tó jẹ́ ọmọ ọdún 12, pẹ̀lú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, gbé ìjọba ìpínlẹ̀ lọ sílé-ẹjọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, ilé-ẹjọ́ gíga Èkó dá wọn lẹ́bi. Ní oṣù keje ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí i padà. Ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022 ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀, adájọ́ márùn-ún sí méjì, pé ọmọ tó bá fẹ́ lo hìjáàbù kí ó lò ó. Ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ náà wà ní ọmọ ọdún 12, wọ́n ti lé ní ogún ọdún kí ó tó parí. Lórí pápá Kuje lónìí, ìborí funfun àti irun dídì jọ ń tò sórí ìlà kan náà, tíṣà kò sì sọ̀rọ̀ sí i mọ́.

Kí ló wá mú wọn dúró pọ̀, nígbà tí ìgbàgbọ́ wọn kò ṣọ̀kan? Émile Durkheim, ọ̀mọ̀wé ará Faransé tí bàbá rẹ̀ jẹ́ rábì, kọ ọ́ ní 1912 pé agbára tí ènìyàn ń rí nínú ìjọsìn jẹ́ agbára àwùjọ fúnra rẹ̀: bí wọ́n bá péjọ, tí wọ́n jọ kọrin, tí ara wọn jọ yá, ohun tí wọ́n pè ní òrìṣà wọn, àwọn fúnra wọn ni. Ká ní Durkheim wá sí Kuje láàárọ̀, orí rẹ̀ ì bá dà rú díẹ̀. Nítorí níbí, ìgbà tí àdúrà bá bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ ń jáde: àwọn kan dijú, àwọn kan tẹ́wọ́. Ohun tí gbogbo wọn ti jọ ṣe láìsí ìyàtọ̀ ṣáájú rẹ̀ ni ilẹ̀ gbígbá. Ilẹ̀ tí wọ́n jọ gbá ni wọ́n jọ dúró lé.

Iṣẹ́ ọwọ́ yìí kò lópin sí ìgbálẹ̀. Àwọn Àwórì ló ni ilẹ̀ Àmùwò, àwọn Ègùn wà nítòsí wọn láti ayébáyé, ọjà Trade Fair sì ti kó Ìgbò tó pọ̀ wá. Ọmọ gbogbo wọn ló ń pàdé ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, Yorùbá ni wọ́n sì fi ń bú ara wọn lórí bọ́ọ̀lù. Ìyá olóúnjẹ tó gbé abọ́ ìrẹsì kalẹ̀ lábẹ́ igi kì í bèèrè ẹ̀sìn kí ó tó bu oúnjẹ fún ọmọ tí owó rẹ̀ já bọ́ lọ́nà. "Jẹun, sọ fún mọ́mì ẹ pé ó jẹ mí ní igba náírà," ni tirẹ̀. Nígbà ààwẹ̀, ọmọ tó ń dán an wò láti gbààwẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ a máa fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní oúnjẹ inú kúlà rẹ̀. Nígbà òjò, tí omi bá dí ẹnu ọ̀nà (àbàtà ni gbogbo agbègbè yìí kí wọ́n tó kọ́lé sí i), àwọn òbí a gbé àpò iyanrìn wá. Àwọn ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ (SBMC), tí òbí, tíṣà àti ará àdúgbò jọ wà nínú rẹ̀, lè jiyàn wákàtí méjì lórí ẹni tí yóò tún ilé ìyàgbẹ́ ṣe. Kò sí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn kankan níbẹ̀. Síbẹ̀, nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni àwùjọ ti ń di àwùjọ.

Ohun tí èyí lè di nígbà ìjàǹbá, agbègbè yìí ti rí i. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, 15 oṣù kẹta ọdún 2020, ìbúgbàù kan wó ilé lulẹ̀ ní Abúlé-Adó, nínú Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin kan náà. Ó wó Bethlehem Girls College, ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì tó ní ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́. Sister Henrietta Alokha, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà, kó àwọn ọmọ jáde. Òun fúnra rẹ̀ kò jáde. Nínú gbogbo wọn, kò sí èyí tí òun bí. Ẹni tó bá ń wá ìtumọ̀ "igba ènìyàn ní í tọ́mọ" kò nílò ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀.

Ó ku ọmọ kẹta. Lórí ìlà tó tò níwájú àdúrà méjì yìí, ó ṣeé ṣe kí ọmọ babaláwo wà níbẹ̀, tàbí ọmọ ilé olórìṣà láti abúlé Ègùn. Kò sí ẹni tó ń pè é jáde. Ohun tó jọni lójú ni pé Festac, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ayẹyẹ àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ. Láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn ilé yẹn ni àwọn oníjó, onílù àti akéwì láti gbogbo ayé wọ̀ sí. Àmì ayẹyẹ náà ni ìbòjú Ìyá Ọba Idia ti Benin, èyí tí ilé àkójọ British Museum kọ̀ láti yá Nàìjíríà. Nígbà náà, àwọn aṣáájú Kírísítẹ́nì àti Mùsùlùmí kan pariwo pé ìbọ̀rìṣà ni ìjọba fẹ́ dá padà. Ayẹyẹ parí, wọ́n pín ilé fún ará ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí gbilẹ̀ ládùúgbò. Orúkọ nìkan ló kù.

Nínú àdúrà méjèèjì tí wọ́n ń gbà láràárọ̀, bí ọmọ bá fi èdè Yorùbá pe Ẹlẹ́dàá, orúkọ tó pè, ilé ọmọ kẹta ni wọ́n ti yá a. Crowther kan náà tó yá "àlùfáà" lọ́wọ́ Mùsùlùmí ló mú Èṣù, tó jẹ́ oníṣẹ́ láàárín ọ̀run àti ayé, tó fi orúkọ rẹ̀ túmọ̀ Sátánì. Wọ́n yá Ọlọ́run lọ́wọ́ ọmọ yìí, wọ́n sì sọ òrìṣà ilé rẹ̀ di èṣù. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí ó ṣe Àmín. Ìjọba Èkó fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi fún ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ṣùgbọ́n oṣù kẹjọ ni ilé-ẹ̀kọ́ wà ní ìsinmi. Lórí ìlà, kò tíì sí ohun tó yí padà. Bí a bá ń sọ òótọ́, ìfaradà tí a fi ń yangàn jẹ́ ti ẹni méjì tó mọ agbára ara wọn. Ẹni kẹta ló ń dán an wò, a kò sì tíì yege.

Ìlà náà fúnra rẹ̀ sì ń kúrú. Nígbà tí ìjọba Èkó ka àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní 2010 sí 2011, wọ́n lé ní 12,000. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kò ju bí 1,000 lọ. Ní òpópónà Festac, bọ́ọ̀sì aláwọ̀ òféèfèé ni ó ń gbé ọmọ lọ sí ibi tí àdúrà kan ṣoṣo wà, níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń gbálẹ̀ kí ọmọ tó dé. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ lè dára jù, kò sí ẹni tó lè bá òbí wí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó kàwé níbẹ̀ títí dé ìwé kẹfà lè má gbọ́ àdúrà aládùúgbò rẹ̀ rí, àyàfi láti inú gbohùngbohùn tó jí i lójú oorun.

Ẹ̀yin ará Kuje tí ẹ wà nínú SBMC, ẹ ó pàdé kí sáà yìí tó parí. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti jiyàn tán lórí ilé ìyàgbẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi hẹ́dímásítà ní ìbéèrè kan péré: nínú àwọn ọmọ tó ń gbálẹ̀ láàárọ̀, èwo ni a kò tíì bi léèrè rí bóyá ó ní àdúrà?